Ìdun Inú Bẹ́ẹ̀dì Ogún

Ní Ṣakí, kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìdun. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì síta láàárọ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n á da omi híhó sí gbogbo oríkèé rẹ̀, oòrùn á sì ṣe èyí tó kù. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, adìyẹ ti ṣa òkú ìdun jẹ, onílé ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Èmi fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe é, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì tí mò ń wí yìí kò gbọdọ̀ fojú kan oòrùn.

Bàbá ọkọ mi ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń wí, èmi náà sì ń bá wọn wí i. Òun àti ìyá ọkọ mi ti pẹ́ ní Kùmásì kí wọ́n tó lé àwọn ará wa kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà wálé nígbà náà, ẹrù aṣọ kan àti ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n rí gbé. Àwọn ní tiwọn gbé bẹ́ẹ̀dì. Onírin ni, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kúkúrú fi ní láti fò díẹ̀ kó tó jókòó lé e. Ó ní òpó mẹ́rin, kókó idẹ rògòdò kan sì wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tú u, wọ́n dì í sórí lọ́rì, ó gba Tógò àti Dàhòmì kọjá, àwọn aṣọ́bodè ò sì rí nǹkan ṣe sí i ju kí wọ́n fi igi lù ú wò. Nígbà tí mo wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn èyí, bẹ́ẹ̀dì yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí kí wọ́n tó fi kànga hàn mí.

Awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ mi. Iṣu ló ń kó lọ sí Ìbàdàn, bí ó bá sì wálé, ọ̀rọ̀ tí ó ń bá mi sọ jù ni pé kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Mi ò sì dá sí i. Mo kàn máa ń wà nítòsí ni.

Bàbá kú nígbà tí ọyẹ́ ń mú lọ́wọ́. Ikú àgbà ni, kò dà wá láàmú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá ọkọ mi sì bọ́ sínú opó. Àwọn ààfáà ka òfin rẹ̀ fún wa: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ máa rìn kiri. Ti ẹ̀sìn nìyẹn. Àwọn ẹbí wá fi tiwọn kún un: kò gbọdọ̀ sùn síbòmíràn àfi orí bẹ́ẹ̀dì olóògbé. Mi ò tíì rí ààfáà tó mọ ibi tí wọ́n ti rí ìyẹn. Tó bá di ọ̀rọ̀ opó, ẹlẹ́sìn paraku ni ẹbí ọkọ mi. Tó bá di ọ̀rọ̀ ogún, wọn kì í rántí pé Kùránì dá ìpín sílẹ̀ fún ìyàwó, wọ́n á ní nínú ilé tiwọn ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn, èyí tó bá yá jù ni wọ́n ń tọ̀.

Àbúrò olóògbé ló wá di olórí ẹbí. Bàbá Kékeré là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kékeré kankan lára rẹ̀. Ọkà bàbà àti àgbàdo ló ń rà ní Tẹ̀dé àti Irawo tó ń tà fún àwọn ará ìsàlẹ̀, ó sì lówó tó láti ra bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Láyé àtijọ́, àbúrò ló ń ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Kékeré ò bèèrè opó. Bẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ ṣú. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ọjọ́ tí opó bá parí ni wọn yóò pín ogún, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ó yẹ kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà wá sọ́dọ̀ òun títí di ọjọ́ náà, kí ikán má baà jẹ ẹ́. Irin ni bẹ́ẹ̀dì yìí látòkè délẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ọrùn ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó dé apá, ó dé ẹ̀yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ní ìdí tó mọ̀. Ọ̀kan ní ooru ara ni. Ọ̀kan ní aṣọ opó ni kò bá a lára mu. Ìyá àgbàlagbà kan láti Òkèhò tó jókòó tì í láti àárọ̀ dé ọ̀sán ní olóògbé ló ń já a ní èékánná, pé bí obìnrin ò bá sunkún tó, ọkọ a máa fi ìyẹn rán an létí. Ìyá ọkọ mi bá sunkún díẹ̀ sí i. Ara ò yé yún un. Wọ́n ní kí a ṣe sàráà, a fi ìrẹsì àti ẹran ṣe sàráà, àwọn tó jẹ ẹ́ yó, ìyá ọkọ mi sì ń họ ara lọ.

Èmi ti mọ nǹkan tí ń jẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti bá ìdun gbé yàrá kan náà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo mọ ìwà rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ ìwà àwọn tí a jọ gbé ibẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ̀fọn bá bà sí ló ti ń jẹ. Ìdun ní tirẹ̀ a máa jẹ lẹ́ẹ̀kan, á rìn síwájú díẹ̀, á tún jẹ, débi pé ojú ibi tó jẹ á tò tẹ̀lé ara wọn. Mo mú òrí lọ́jọ́ kan pé kí n fi pa ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi, ni mo bá rí i pé wọ́n tò. Mo wo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, mo rí àmì dúdú wínníwínní létí rẹ̀ àti ojú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ orí mi sílẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti pa ìdun rí kì í gbàgbé òórùn yẹn.

Mo ní, “Ìyá, ìdun ni.”

Ó ní kò sí ìdun. Ó ní ìdun kò wọ ilé wọn rí láti Kùmásì títí dé Ṣakí. Mo ní kí n ṣí etí tìmùtìmù náà wò, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ.

“Ìyàwó, ti ilẹ̀kùn yẹn.”

Mo ti i.

“Ìdun ni. Mo ti mọ̀ láti òru tó kọ́kọ́ jẹ mí. Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀dì yìí bá ti jáde nínú yàrá yìí, kò ní padà wọlé mọ́.”

Mo gbà pé òótọ́ ni. Bí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì sí oòrùn, àwọn ọmọ Bàbá Kékeré ni yóò wá bá wa gbé e, ọwọ́ wọn ni yóò sì mọ ọ̀nà ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí àgbàlagbà obìnrin yóò fi jẹ́ kí ìdun fa òun gbẹ nítorí irin. Mo sọ ọ́ fún un, mi ò rọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó jẹ́ kí Bàbá Kékeré máa gbé nǹkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, kó lè rí oorun sùn.

“Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ni mo rà á.”

Mo béèrè ibi tó ti rí owó.

“Àlùbọ́sà tí mo tà ní Kùmásì ni mo fi rà á, nígbà tí ọjà ọkọ mi kò tà mọ́, tí a ń sùn lórí ẹní. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé e wálé.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé.

“Kí n sọ fún wọn pé ọkọ mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀? N kò sọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Ṣé ìgbà tí kò lè fèsì mọ́ ni kí n wá sọ ọ́?”

Inú bí mi lọ́jọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun. Inú ń bí mi sí Bàbá Kékeré, inú ń bí mi sí òkú, inú sì ń bí mi sí ìyá ọkọ mi jù wọ́n lọ, nítorí mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi náà ni, mi ò ní lè sọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin lè bọ́ ọkọ rẹ̀ fún ogún ọdún, kó rán aṣọ sí i lọ́rùn, kó kọ́lé lé e lórí, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kó sọ ọ́ jáde ló burú. Àwọn tó bá wọn gbé ní Kùmásì tó lè jẹ́rìí, àwọn kan ti kú, àwọn kan ò wálé. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ìyá ọkọ mi lè fi di bẹ́ẹ̀dì náà mú ni ara rẹ̀, ó sì gbé ara rẹ̀ lé e. Tí ó bá lè wà lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ ìpín, ojú lè ti àwọn àgbà láti fà á kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ìrètí tó ní.

Báyìí ni èmi àti òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìdun láìjẹ́ pé ilé mọ̀ pé ìdun wà.

Omi gbígbóná ló kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro. Báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé ìkòkò omi híhó wọ yàrá opó láràárọ̀ láìsí ẹni tó bèèrè? Mo ní omi ìwẹ̀ ìyá ni. Mo ń gbé e lọ láàárọ̀, mo ń gbé e lọ nírọ̀lẹ́, mo ń ti ilẹ̀kùn, mo ń dà á sí oríkèé bẹ́ẹ̀dì àti sí sípíríìnì, mo sì ń fi àkísà nu ilẹ̀. Kò pẹ́ tí òkìkí mi fi kàn ní agboolé. Wọ́n ní wọn ò rí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ rí, tí ń fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Àwọn ìyá ọkọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí bú àwọn ìyàwó tiwọn. Àwọn obìnrin mélòó kan ò kí mi mọ́ títí di òní, ìdun ló sì fà á.

Mo fi ìyẹ́ adìyẹ ta kẹrosín sí gbogbo ojúhò tí mo rí. Wọ́n ní kí ló dé tí yàrá ìyá ń rùn, mo ní àtùpà ló ń jò. Mo se ewé dóńgóyárò, mo fi omi rẹ̀ fọ ògiri, mo ní ibà ló ń ṣe ìyá. Wọ́n bá bá wa se àgbo ibà wá, ìyá sì ní láti mu ún níwájú wọn, ó korò bí nǹkan míràn. Mo po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, mo fi dí gbogbo ibi tí ògiri ti là. Mo gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo mílíìkì tí mo bu kẹrosín sí, kí èyí tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ gùn ún bọ́ síbẹ̀. Mo tú ojú rírán tìmùtìmù, mo kó gbogbo òwú àràbà inú rẹ̀ jáde, mo ṣà á lórí ẹní, mo fọ àpò rẹ̀, mo tún un rán. Ọjọ́ tí mo ṣe ìyẹn, òwú fò wọ imú wa, a ń sín, àwọn èèyàn ìta rò pé ẹkún là ń sun, wọ́n ń kí wa pẹ̀lẹ́.

Síbẹ̀, ìdun ń jẹ ẹ́. Ó dín kù, kò tán. Mo máa ń wọlé láàárọ̀, màá wo ọrùn ìyá, màá rí tuntun. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ojú mi ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń sá. Ìyá ti rù. Aṣọ opó tó wọ̀ lọ́jọ́ kìíní ti ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, bí ó bá ń kírun lórí ìjókòó, oorun a máa gbé e lọ láàárín ìforíkanlẹ̀ kan sí ìkejì. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo rò ó pé bẹ́ẹ̀dì yóò kù, òun ni kò ní kù.

Ọ̀kan nínú àwọn kókó idẹ yẹn ló tú àṣírí. Mò ń nu ún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ọwọ́ fún un díẹ̀, ó yí. Mo tún yí i, ó ṣí lọ́wọ́ mi bí ọmọrí ìgò. Ihò ni òpó náà láti òkè délẹ̀. Mo gbé iná sí i, mo wo inú rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, ìyá, ọmọ, àti ẹyin, wọ́n fara tira bí èrò tó ń dúró de mọ́tò Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti Kùmásì wá, a jẹ́ pé inú òpó yìí ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi gba gbogbo ibodè kọjá, aṣọ́bodè ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Bùútà tí Bàbá fi ń ṣe àlùwàlá ṣì wà ní igun yàrá, ẹnu rẹ̀ tín-ínrín, ó sì wọ ojú ihò náà régí. Mo rọ omi híhó sí i, mo dà á sínú òpó kìíní, ó gba ìsàlẹ̀ jáde sínú agolo, ó kó wọn jáde. Mo ṣe òpó kejì. Mo ṣe ẹ̀kẹta. Ìyá jókòó lórí ẹní, ó ń wò mí. Ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun ṣe ẹ̀kẹrin, mo sì lọ pọn omi míràn. Nígbà tí mo padà, ó ti ṣe é tán.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi sùn. Ó sùn débi pé ó ń hanrun. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọrùn rẹ̀ dán, àwọn àlejò ní ẹkún náà ti wá tó olóògbé. Èmi ń rìn ní agboolé bí olóyè. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ohun tí mo ṣe fún, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, ó sì tó mi.

Ohun tí mi ò rò ni Bàbá Kékeré. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ó máa ń yà kí opó. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó máa ń jókòó lé. Nígbà tí ìdun wà níbẹ̀, kì í pẹ́. Á họ kókósẹ̀, á họ ẹ̀yìn orúnkún, á ní ooru yàrá yìí pọ̀, á gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí kò mẹ́nu ba bẹ́ẹ̀dì mọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣe iṣẹ́ akọni mi tán, ó jókòó, ara ò yún un. Ó bèèrè omi mu. Ó fẹ̀yìn ti òpó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ tìmùtìmù tí mo fọwọ́ ara mi tún rán, ó ní àwọn ará ayé àtijọ́ mọ nǹkan rà. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó mú káfíńtà wá, ó ní kó bá ìyá wo fèrèsé. Káfíńtà ò wo fèrèsé. Ó fi okùn wọn bẹ́ẹ̀dì ní gígùn àti ní ìbú, ó ta okùn náà ní kókó, wọ́n sì jọ jáde lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá Kékeré.

Mo jókòó sílẹ̀ gbì. Ìdun ló ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún wa láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo fi omi gbígbóná pa ọlọ́dẹ.

Ọjọ́ ìpín kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún ìyá pé mo mọ ilé kan ní gáréèjì tí àwọn awakọ̀ ń sùn sí, pé ọkọ mi ti bá ìdun ibẹ̀ jà rí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ síbẹ̀ lọ tọrọ. Èmi tí mo ti ń fi omi híhó pa ìdun, mo wá ń wá ìdun tí màá rà. Ìyá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó tú ìṣẹ́po etí ìró rẹ̀, ó mú agolo ìpara kékeré kan jáde níbẹ̀, ó ṣí i díẹ̀ fún mi. Òwú wà nínú rẹ̀. Òwú náà ń rìn.

“Ti òpó kẹrin,” ó ní. “Ìyàwó, ṣé o ti rí àgbẹ̀ tó jẹ èbù rẹ̀ tán rí?”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ fún un ni àbí kí n bínú. Gbogbo ìgbà tí mò ń rìn bí olóyè yẹn, obìnrin yìí so irúgbìn ìdun mọ́ ìdí, ó ń wò mí. Mo béèrè pé bí wọ́n bá ti kú ńkọ́, ó ní ìdun kì í tètè kú, ebi ni yóò pa á, yóò sì kàn máa dúró de ẹni tí yóò jókòó.

Ní ọjọ́ ìpín, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ṣe é nínú yàrá tí olóògbé ń sùn sí, kí àdúrà lè gbà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní àti àpótí. Ó ní kò yẹ kí olórí ẹbí jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ bí irú èyí, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀ tó dára jù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ jókòó síbí.” Inú Bàbá Kékeré dùn. Ó wọ funfun látòkè délẹ̀. Ó fò díẹ̀, ó jókòó.

Ìpín pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ oko, ìyẹn kan ọkọ mi, ọkọ mi ní ohunkóhun tí ẹbí bá ṣe ó dára. Wọ́n bọ́ sórí ìbọn. Wọ́n jà lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí kò rí kẹ̀kẹ́ rí. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ obì lọ́wọ́, mò ń wo ọrùn Bàbá Kékeré. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ pé kí ojúkòkòrò má ṣe wọ inú ẹbí yìí, ni èjìká rẹ̀ kan gbọ̀n. Ó tẹ̀síwájú. Ó yí ìdí díẹ̀. Olórí ẹbí kò lè máa họ ìdí níwájú àwọn àgbà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, àgbà kan sì sọ pé kó rọra, pé gbogbo wa ni a pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbà tó jókòó sún mọ́ ọn jù rí nǹkan kan lórí ọrùn ẹ̀wù funfun náà. Ó na ọwọ́, ó mú un, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Òórùn náà gba yàrá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà yẹn tí kò jẹ́ ọ̀dọ́ rí, kò sì sí ẹni tí kò mọ òórùn yẹn. Ẹni tó pa á fi ọwọ́ nu ẹní. Ẹnìkan rántí pé àkókò ìrun alásárì ti ń sún mọ́.

Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ó ku ohun kan. Ó ní òun ti rò ó fún ìgbà pípẹ́, pé opó yìí ti bá ẹ̀gbọ́n òun jìyà, kò sì ní bójú mu kí wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n yìn ín títí wọ́n fi dé mọ́ṣáláṣí. Ọkọ mi wá bá mi, ó ní, ṣé mo rí i báyìí pé ènìyàn dáadáa ni bàbá náà, pé ìdí tí òun fi ń sọ fún mi nìyẹn pé kí n má máa dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi bọ́ aṣọ opó, ó wẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Ilé Bàbá Kékeré la lọ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ohun kan nínú ogún gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́, àṣà ni. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níwájú àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ọkùnrin náà, ó ní kí Ọlọ́run san án fún un, pé ó rántí opó. Bàbá Kékeré dá a lóhùn láti òkèèrè, ó ń fọwọ́ ra ọrùn. Ó ní ilé tiwọn kì í ṣe irú àwọn ilé tí ń fìyà jẹ opó. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Omijé ìbínú ló wà lójú mi, wọ́n sì rò pé ti ọpẹ́ ni.

Nígbà tí a délé, ó pe àwọn ọmọkùnrin agboolé, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun síta. Wọ́n gbé e sí àárín agboolé, níbi tí oòrùn pọ̀ sí jù. Ó tú àwọn kókó idẹ fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀. Àwọn obìnrin jáde láti ẹnu ọ̀nà wọn gbogbo. Ọ̀kan béèrè bóyá ìdun wà nínú rẹ̀ ni. Ìyá ní, “Ó wà níbẹ̀. Ó pọ̀.” Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Èmi ń rọ omi híhó, òun ń dà á sínú òpó, adìyẹ ti ń péjọ.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, báwo ló ṣe lè kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn nítorí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ń wo omi tó ń gba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì jáde.

“Àlùbọ́sà ni mo fi rà á ní Kùmásì,” ó ní. “Orúnkún ni mo fi rà á láàárọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí yóò tún ní kí n wá rà á lẹ́ẹ̀kẹta.”

Ó na bùútà sí mi, ó ní kí n yára, pé omi ti ń tutù, ó sì ku òpó kan.